Oyún Àbùùbùtán àti Oyún Tèmi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yọjú sí oyún oníoyún. Lọ́dọọdún, àwọn àbùùbùtán máa ń gòkè wá láti inú omi tútù apá gúúsù, wọn a sì wá sí etíkun wa ní Kútọnù, níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, láti bímọ àti láti gun ara wọn. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn, a ó ta ọfà kékeré kan sí ẹ̀yìn èyí tó bá sún mọ́ wa. Ọfà náà á bu awọ àti ọ̀rá díẹ̀, kò ju orí ìka lọ, á sì léfòó kí a lè mú un. Ọ̀rá yìí ni mò ń yẹ̀ wò nínú lábò, ilé àyẹ̀wò wa. Bí èròjà tí ara abo fi ń di oyún mú, ìyẹn họ́mónù, bá pọ̀ nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí abo náà ti lóyún. Ẹranko tó tóbi ju ilé lọ, tí ẹnikẹ́ni kò lè wo ikùn rẹ̀ kó mọ ohunkóhun, èmi á ti gbọ́ àṣírí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ kò kọjá ọjọ́ tí a ta ọfà. Abo kan wà tí mo fẹ́ràn. Àpá abẹ́ ìrù la fi ń dá wọn mọ̀, tirẹ̀ sì funfun dáadáa. Lọ́dún kan, ọ̀rá rẹ̀ fi hàn pé ó lóyún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó padà wá, kò sí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi ní bóyá kò tilẹ̀ lóyún rárá, torí họ́mónù náà a máa ga nígbà mìíràn láìsí oyún. Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi kí n má baà bá ọ̀gá jà nítorí ẹja.

Nígbà tí àwọn àbùùbùtán bá ti padà lọ ni mo máa ń rí àyè wá sílé ní Ṣábẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àsìkò kajú ni mo dé, oyún tèmi sì wà nínú mi. Ó ti pẹ́ tí èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọmọ. Bàbá mi ti kú, ìyá mi nìkan ló ń bójú tó oko kajú wa lọ́nà Ọ̀fẹ̀. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Má gbé nǹkan wíwúwo mọ́." Ó tán síbẹ̀. Nílé wa, a kì í fẹnu kéde oyún, ikùn ló ń sọ tirẹ̀ bó bá tó àkókò. Nígbà tí mo ní ó kéré tán kí a sọ fún ìyálé rẹ̀, ìyẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó ní, "Ẹnu òrofó ní í pa òrofó," ó sì ń ṣa kajú rẹ̀ lọ.

Oyún náà bọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Agbẹ̀bí tó wà ní ilé ìwòsàn tọ́jú mi, ó ní kí n lọ sinmi. Ìyá mi fọ aṣọ mi fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí àwọn ará agbolé bi í pé kí ló dé, ó ní ibà ni.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo agbolé ṣe wá ń kí mi fún ibà. Ẹnì kan gbé àgbo wá, ó korò bí ewúro, mo mu ún. Ẹlòmíràn ní ẹ̀fọn Kútọnù ni, òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìkíni kan wà tó jẹ́ ti obìnrin tí irú nǹkan yìí bá ṣẹlẹ̀ sí: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Èmi náà ti fi kí ẹlòmíràn rí, láìronú púpọ̀. Nísinsìnyí, òun gan-an ni mo fẹ́ gbọ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún mi, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé omi wà nínú agbè tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi sunkún lórí fóònù, èmi ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Inú bí mi sí ìyá mi gidigidi. Lójú tèmi, ó ti sọ oyún mi di ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a jókòó síwájú ilé, à ń ṣa kajú tó ti gbẹ, à ń yọ èyí tó bàjẹ́ kúrò. Ìyálé ìyá mi wá bá wa. Aláwàdà obìnrin ni, ó fẹ́ràn mi. Ó bi mí pé kí ni mo tilẹ̀ ń ṣe lójú òkun, mo sì ṣàlàyé ọfà àti ọ̀rá fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà ẹja. O mọ oyún gbogbo ẹja inú òkun, tìrẹ ńkọ́? Àbí kí àwa náà wá ọfà ni?"

Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti fún un lésì tó máa pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, kajú ni mo ń ṣà lọ.

Ìyá mi gbé àtẹ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyálé mi, kì í ṣe ibà," ó ní. "Oyún ló bọ́ lára ọmọ yìí. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí i."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu obìnrin náà. Ó dìde, ó wá fà mí mọ́ra. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò." Mo sunkún títí aṣọ rẹ̀ fi tutù léjìká.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá mi kò wò wá. Ó ń ṣa kajú tó dára, ó ń jù ú sínú èyí tó bàjẹ́.

"Ẹ kí èmi náà, ìyálé mi," ó ní. "Láti ọjọ́ tí oyún náà ti bọ́, kò tíì sẹ́ni tó kí mi."