Tábìlì Tó Ń Gé Ni Jẹ

Iṣẹ́ mi kò le lójú ẹni tó bá ń wò mí. Mo ń jókòó, mo ń fi kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò Ayigya bá fọwọ́ kọ. Ilé wa ní Krofrom ni mo ti ń ṣe é, nínú yàrá iwájú tí èmi àti màámi jọ ń lò. Apá kan yàrá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà mi, apá kejì jẹ́ ti ẹní ìkírun wọn. Nítorí ẹní yẹn, bàtà kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa ń bọ́ ọ sí, oníbàárà àti onílé. Orí sìmẹ́ǹtì lásán ni ẹsẹ̀ mi ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ẹni kan ṣoṣo tí òfin yìí kò mú ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Wáyà ọkọ̀ ló ń tún ṣe ní Suame Magazine, níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ sì nípọn bíi táyà. Tó bá ti dé, kò sẹ́ni tó ń ní kó bọ́ ọ. Àkọ́bí ọkùnrin ni, ẹ jẹ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀.

Òun ló so kọ̀ǹpútà náà mọ́ iná nígbà tí mo rà á ní àlòkù. Ilé wa ti gbó, wọn ò ṣe ẹ́ẹ̀tì sí i rí, ìyẹn wáyà tó máa ń kó iná tó bá ṣako lọ sínú ilẹ̀. Mo bi í pé báwo la ó ti ṣe é.

"Ẹ́ẹ̀tì kẹ̀?" ló wí. "Ara irin ọkọ̀ náà ni ẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ibẹ̀ la máa ń so ó mọ́. Ṣé tábìlì yìí kì í ṣe irin ni?"

Ló bá so wáyà ẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì onírin tí òun fúnra rẹ̀ jó pọ̀ fún mi. Ó ti fi rọ́bà bọ ẹsẹ̀ tábìlì náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má baà ha ilẹ̀. Iná tó bá ṣako kò wá ríbi gbà mọ́, àfi ara ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tó sì fọwọ́ kan tábìlì. Èmi nìyẹn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn lábẹ́ awọ. Tí mo bá gbé ìgbọ̀nwọ́ lé etí tábìlì, á gé mi jẹ. Mo wá ń ká ẹsẹ̀ sórí igi àga, títí ẹ̀yìn fi ń ro mí bí ẹni tó kọ ebè. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó wọlé tòun ti bàtà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín.

"Ɛnyɛ hwee! Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, chale. Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́."

Mo sọ fún màámi. Wọ́n ní oorun ni kò tó mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa wọ sálúbàtà jókòó.

"Níbi tí mo ti ń forí kanlẹ̀? Astaghfirullah! Daabi, kò ní ṣẹlẹ̀."

Àwọn àgbà máa ń ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Nílé tiwa, ẹni tó wọ bàtà ni kò mọ nǹkan kan. Mo rò ó pé kí n tú wáyà náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò tú ohun tí àkọ́bí so? Ó sú mi. Iná yẹn gan-an kọ́ ló mú kó rẹ̀ mí jù. Pé kí èèyàn máa sọ ohun tó ń ṣe ara rẹ̀, kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa wò ó bí òpùrọ́, ìyẹn ló ń jẹ mí tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń fún oníbàárà ní iṣẹ́ rẹ̀. Màámi ṣe àlùwàlá tán, wọ́n wọlé tọwọ́ tẹsẹ̀ tútù. Tábìlì ti sún mọ́ ibi ẹní wọn díẹ̀, wọ́n bá dì í mú kí wọ́n sún un padà. Mo gbọ́ ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Nígbà tí mo yíjú padà, ọwọ́ wọn kò lè já kúrò lára irin. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo sáré sídìí ògiri, mo pa iná. Wọ́n ṣubú sórí ẹní.

Wọ́n mí. Alhamdulillahi, wọ́n mí. Nílé ìwòsàn, dókítà ní ọkàn wọn ń lù dáadáa, àtẹ́lẹwọ́ wọn nìkan ló jó.

Oníná tí a pè lọ́jọ́ kejì fi hàn wá pé wáyà kan ti bó nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ti kan irin ara rẹ̀, wáyà tí ẹ̀gbọ́n mi so ló ń gbé iná náà wá sára tábìlì. Ó ní tí ilé bá ní ẹ́ẹ̀tì gidi ni, iná ìbá ti já fúnra rẹ̀. Ó gbá ọ̀pá bàbà wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó fa wáyà wá láti ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi ṣe tán. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, màámi fúnra wọn gbé sálúbàtà mi wọlé, wọ́n gbé e síbi ẹsẹ̀ mi. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n gba ọwọ́ mi, wọ́n ń wo ìka mi.

"Látìgbà wo ló ti ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè bínú.

"Màámi, látìgbà tí mo ti ń sọ fún yín ni."