Bẹ́ẹ̀dì Kan Lódìkejì Omi

Ta ni kò mọ Bàbá Ọkọ̀ ní erékùṣù yẹn? Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ ọwọ́, á nawọ́ sí èbúté. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, tó máa ń bú ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń bú àna burúkú tó bá kọ̀ tí kò jí láàárọ̀. Òun nìkan ló níwèé àṣẹ láti fi ọkọ̀ ojú omi gbé aláìsàn. Òun nìkan ṣoṣo, ní gbogbo erékùṣù! Ọ̀rọ̀ náà ì bá pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ká ní kì í ṣe ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀.

Láràárọ̀, èèyàn méje ló máa ń gbé lọ sí ọsibítù tó wà lódìkejì omi. Oògùn olóró ló ti di bárakú fún àwọn méjèèje. Oògùn tí wọ́n wá fi ń wò wọ́n, ojú nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ mu ún, lójoojúmọ́. Ẹni tó bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, wọ́n á yọ orúkọ ẹ̀, á sì lọ tò sẹ́yìn. Kí ló dé tí wọn ò kó oògùn náà wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní erékùṣù? Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré yẹn ti kọ̀wé títí ọwọ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Èsì tí wọ́n fún un ni pé kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n máa tì í mọ́ kò sí níbẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù o! Ọdún kejì rèé, wọn ò tíì rí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, àfi ìyàwó ẹ̀, ni pé Bàbá Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ti wọ gàù. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀yìn ẹ̀ yẹ̀ níbi tó ti ń fa ìdákọ̀ró. Wọ́n ní kó máa lo hóró oògùn ara ríro kan lójúmọ́. Kan di méjì, méjì di mẹ́jọ. Tí kò bá lò ó lásìkò, òógùn á bò ó, ara á máa gbọ̀n, inú á máa lọ́ ọ.

"Bàbá wọn," ìyàwó ẹ̀ á ní, "ẹ̀ ń gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ síbi ìwòsàn, ẹ wá ń jókòó sínú ọkọ̀ dè wọ́n. Ṣé ẹsẹ̀ yín ò lè wọlé ni?"

"Tí mo bá wọlé, ta ló máa gbé wọn padà?"

Ẹkún ni obìnrin náà máa ń bú sí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, oorun gbé Bàbá Ọkọ̀ lọ lójú omi. Igbe Télọ̀ ló jí i, obìnrin aránṣọ tó máa ń jókòó síwájú nínú àwọn méje yẹn. Ọkọ̀ apẹja ńlá kan ti dé iwájú wọn! Bàbá Ọkọ̀ yí ìtọ́kọ̀ kíákíá, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, omi dà lé gbogbo wọn lórí. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Kò sẹ́ni tó bú u. Ojú ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta.

"Mélòó lẹ̀ ń lò?" Tíṣà, bàbá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló béèrè jẹ́jẹ́.

"Mẹ́jọ."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Lónìí lẹ máa sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ ò ní pa wá."

Ó sọ fún nọ́ọ̀sì lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì fà á lọ́wọ́ wọ yàrá kan.

"Ẹ rìn ín re, bàbá. Bẹ́ẹ̀dì yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo láàárọ̀ yìí ni. Ọjọ́ mọ́kànlélógún lẹ máa lò. Ṣùgbọ́n báyìí báyìí ni o. Ogójì èèyàn ló ń dúró dè é."

Bàbá Ọkọ̀ gbọ́wọ́ lé ìrọ̀rí funfun náà. Láyé ẹ̀, kò tíì sí ohun tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí. Àánú ara ẹ̀ ṣe é, omi bọ́ lójú ẹ̀.

Ó jáde lọ sọ fún àwọn méje tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò lẹ́ni tí wọ́n lè sùn sọ́dọ̀ ẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ni Télọ̀ bá kúnlẹ̀.

"Bàbá, oṣù tó ń bọ̀ ni ìjọba máa dá àwọn ọmọ mi tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi padà fún mi, tí mi ò bá pa ọjọ́ kankan jẹ. Ẹ bá mi fara dà á. Oṣù kan péré."

"Dìde, jàre."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Bàbá Ọkọ̀ wojú Tíṣà. "Ẹ̀tọ́ yín ni kẹ́ ẹ wọlé," Tíṣà ní, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Kí ni kó ṣe? Ẹ̀yin ẹ wí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Ó padà lọ bá nọ́ọ̀sì. "Ẹ gbé e fún ẹlòmíì," ló sọ, kò dúró gbọ́ èsì.

Wọn ò tíì dé àárín omi tí àìlo oògùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Látìgbà tí Tíṣà ti bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ni ò ti lo nǹkan kan, torí ó rò pé òun máa wọlé. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ọkọ̀ ń ya síbí, ó ń ya sọ́hùn-ún. Ó fa oògùn yọ lápò, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ìgò omi. Àwọn mẹ́fà kọjú sómi, bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Télọ̀ dìde, ó ṣí ìgò náà, ó sì di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú títí hóró oògùn fi dé ẹnu ẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," Télọ̀ ní. Ẹkún ò jẹ́ kó lè wojú bàbá náà.