Ìyẹ́ Adìẹ Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Èmi ni mo já fáfá jù nínú àwa ọ̀dọ́ tí dókítà òyìnbó ń kọ́ níṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà, n kò sì ní tijú láti sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí a máa yẹ ara àwọn èèyàn wò bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ dúró sí etí Ọjà'ba. Wọ́n ń pe èèyàn, èèyàn ń sá. Èmi gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àdínì lọ, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ akèrègbè.

Ilé kan nísàlẹ̀ Mápó ni wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ. Àbàwọ́n funfun kan yọ sí ẹ̀yìn omidan ilé náà, bẹ́ẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀tẹ̀, ahéré inú igbó ni wọ́n máa mú un lọ, kì í ṣe ilé ọkọ. Ìyá tó bí i dúró lókèèrè, lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ rí ẹ̀yìn ọmọ náà, nítorí náà mo jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń júwe fún Ìyá Àdínì: kí wọ́n fi aṣọ bò ó lójú, kí wọ́n wá fi ìyẹ́ adìẹ kan àbàwọ́n náà. Ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà kì í sábà mọ nǹkan lára.

"Ṣé ó kàn ẹ́?" Ìyá Àdínì bi í.

"Ó kàn mí, ìyá."

Àwọn ará ilé ti fẹ́ máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn yá jù fún mi. Mo pe Ìyá Àdínì sítòsí, mo sọ sí wọn létí pé kí wọ́n tún bi í, kí wọ́n má fi ìyẹ́ kàn án rárá.

"Ó kàn mí, ìyá."

Ẹ̀rù bà mí, nítorí ìdáhùn àkọ́kọ́ náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ: bí àgbà bá bi ọmọ wọn ní nǹkan báyìí, bẹ́ẹ̀ ni ni yóò sọ, kò ní já àgbà nírọ́.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má bi í ní nǹkan kan mọ́. Ẹ ní kó máa fọwọ́ kan ibi tó bá ti mọ̀ ọ́n lára, kí ẹ wá máa fi ìyẹ́ kàn án láìsọ̀rọ̀."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ìyá Àdínì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ó ti họ ọ́. N ò tíì gbé ìyẹ́ kúrò, ó ti họ ibẹ̀ gan-an."

Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó tún họ ọ́. Mo bá gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, mo ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, lápálàpá ni.

Inú mi dùn púpọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni ọmọ náà máa kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé wọ́n lè fọwọ́ kàn mí."

N kò tíì la ẹnu tí ìyá rẹ̀ fi sáré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.