Ìgbà Keje tí Beryl Thackray Du Ipò Kánsẹ́lọ̀

Bí o bá béèrè Beryl Thackray lọ́wọ́ ọmọdé tàbí àgbà ní òkè Tanner Bank, wọ́n á ní, "Ṣé Beryl ọlọ́pàá ọmọdé lẹ ń wí?" Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi dúró ní ìsàlẹ̀ òkè náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, tòun ti ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè àti ọ̀pá gígùn tó ní àwo róbótó lórí, tó ń dá ọkọ̀ dúró kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè sọdá títì. Òjò ni o, yìnyín ni o, Beryl kò yẹsẹ̀. Awakọ̀ tó bá ní òun ò ní dúró, Beryl á fi ọ̀pá náà kan ọkọ̀ rẹ̀ lórí, á sì bi í bóyá bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ìdajì àwọn tó ń dìbò ní òkè náà lónìí, òun ló mú wọn sọdá nígbà tí wọ́n ṣì ń fi apá ẹ̀wù nu imú.

Ilé ìyàgbẹ́ ló gbé e dé ìdí òṣèlú. Ìgbìmọ̀ ìlú ti ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbò tó wà nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀ pa, Beryl sì lọ bá wọn pé, "Èmi tí mo ń dúró nínú òtútù láti àárọ̀, ibo lẹ fẹ́ kí n ti máa ṣe é?" Wọn ò ṣí i padà. Ó bá gba fọ́ọ̀mù, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fìdí rẹmi. Roy Garside ló nà án, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tó ti ń ṣe kánsẹ́lọ̀ wa láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀. Lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n ti ilé ìkàwé pa, Beryl tún jáde, Roy tún nà án. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Bí ìgbìmọ̀ ìlú bá ti ti nǹkan kan pa, a mọ̀ pé a máa tó rí Beryl lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìgbà mẹ́fà ló jáde, ìgbà mẹ́fà ló lulẹ̀.

Clifford ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ pẹ́ńsù pẹlẹbẹ kan kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ sùn. Nígbà mìíràn gan-an á gbàgbé, Beryl á bá a lórí ìrọ̀rí. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣègbéyàwó, ó fẹ́ kan pẹpẹ sí ilé ìdáná, ó ní kí ìyàwó òun sàmì sí ibi tó bá wù ú lára pákó. Beryl gba pẹ́ńsù, ó kọ X gàdàgbà síbi tó dára jù, ó jáde lọ ra mílíìkì. Kó tó dé, Clifford ti fi ayùn gé ibẹ̀ gan-an, ó ti jù ú sínú iná.

"Clifford! Èyí tí mo fẹ́ lo sun yẹn!"

"O fi X sí i."

"Torí pé mo fẹ́ ẹ ni!"

"Lọ́dọ̀ tiwa, X ni pàǹtí. Pé ká gé e dànù ni." Ó mú pákó mìíràn, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sójú rẹ̀, ìlà náà ká róbótó lẹ́ẹ̀kan, ó wá na ìrù lọ sí etí pákó. "Èyí ni ojú tó dára. Ohun tí a bá fẹ́, ìrù là ń fún un."

Látìgbà náà, kò sí tábìlì tàbí àpótí kan nínú ilé wọn tí ìrù yẹn ò sí lábẹ́ rẹ̀.

Clifford ló ń kan pátákó ìpolongo fún ìyàwó rẹ̀ nígbà gbogbo, òun ló sì ń rì wọ́n mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń dìbò fún, kò sọ ọ́ rí. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ní Yorkshire, èèyàn lè bi ọ́ léèrè bí jẹ̀díjẹ̀dí rẹ ṣe ń ṣe sí, kò ní bi ọ́ léèrè ìbò rẹ. Ọkọ kì í bi ìyàwó, ìyàwó kì í bi ọkọ. Ìyá Beryl kú láìmọ ẹni tí bàbá rẹ̀ ń dìbò fún. Lọ́dún tí Beryl kọ́kọ́ jáde, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde níbi ìdìbò: "Clifford, ṣé èmi lo dì í fún?"

"Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, Beryl."

Kò bi í mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, torí pé Clifford àti Roy Garside jọ ń ta dòmínò ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ tó gbóná sì ni wọ́n. Nígbà kan tí ìjì wó pátákó Roy, Clifford gbé òòlù rẹ̀, ó lọ kàn án padà. Beryl bi í pé irú kí nìyẹn. Ó ní, "Pákó ni pákó." Roy ò sì mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Kò sí ìdìbò kan tí kò ní sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, níṣojú gbogbo èèyàn, pé, "Beryl, lọ́jọ́ tí o bá rí ìbò ilé rẹ kó jọ ni màá tó bẹ̀rù rẹ!" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Beryl náà á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bó bá délé, á fọ ife kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́dún yìí, bọ́ọ̀sì 19 ni wọ́n dá dúró. Bọ́ọ̀sì yẹn nìkan ló ń gun òkè wa. Àwọn arúgbó wá ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ẹrù ọjà gòkè, wọ́n á sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó délé. Beryl náà ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, orúnkún rẹ̀ kan sì ti ń dún. Ó ní òun á jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí ló sì kẹ́yìn. Àwọn aládùúgbò ní, "Jáde o jàre. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó kan gbogbo ilẹ̀kùn tó wà lókè náà. Ajá méjì gé e jẹ, obìnrin kan fún un ní kéèkì, ọkùnrin kan ní òun ò ní dìbò fún un torí pé ó dá òun dúró lójú títì lọ́dún 1998.

A dìbò ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n kó àpótí jọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá, wọ́n ń kà á láti àárọ̀. Clifford kì í wọlé síbẹ̀. Ó ní ariwo ti pọ̀ jù fún òun. Inú ọkọ̀ ló jókòó sí níta, tòun ti fúláàsì tíì àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin há láàárín. Beryl nìkan ló ń rìn sókè rìn sódò lẹ́yìn tábìlì tí Noreen ti ń ka ìbò Tanner Bank. Òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì ni Noreen, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ọwọ́ ẹni tó ń já ewé, kò sì sí ìdìbò Beryl kan tí kì í ṣe òun ló kà á.

Ó kà á tán. Ó wo ìwé rẹ̀. Ó tún un kà. Ó wá ké sí Ìyáàfin Sandhu, ọ̀gá ìdìbò, obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ipò náà lọ́dún yẹn. Ìyáàfin Sandhu pe Beryl àti Roy sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kánsẹ́lọ̀ Garside, ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá. Ìyáàfin Thackray, ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́wàá."

Ẹ̀rín Roy tó ti ń bọ̀ kò débi tó ń lọ. "Ọ̀kan? Ọ̀kan péré?"

"Ọ̀kan. Ìwé mẹ́ta ló wà tí kò yé wa. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì rí wọn kí n tó dájọ́."

Beryl na ojú wo ìwé tó wà lọ́wọ́ Noreen. Ìbò kan! Ìbò kan ṣoṣo! Ọkàn rẹ̀ sì lọ tààrà síbi tí kò fẹ́ kó lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó jókòó ti fúláàsì níta. Bó bá jẹ́ pé Roy ni Clifford dì í fún, á jẹ́ pé ọwọ́ ọkọ òun ló fà á. Ó ń tijú ara rẹ̀ pé òun rò ó, àmọ́ ó ń rò ó náà.

Ìwé àkọ́kọ́, ẹni tó ni ín ò kọ nǹkan kan sí i. Sí èkejì, wọ́n fa igi lé orúkọ méjèèjì, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ pé: *Ẹ lọ dí kòtò iwájú ilé mi ná.*

"Mo mọ kòtò yẹn," ni Roy wí.

"Kí ló dé tí o ò dí i?" ni Beryl wí.

Ìyáàfin Sandhu fi méjèèjì sápá kan, kò sí èyí tó gbà. Ó wá gbé ẹ̀kẹta sórí tábìlì. Kò sí X tí a fi ń dìbò lọ́dọ̀ wa lórí rẹ̀. Nínú àpótí iwájú orúkọ Beryl, ìlà pẹ́ńsù nípọnnípọn kan wà níbẹ̀ tó ká róbótó lẹ́ẹ̀kan, tó wá na ìrù lọ sí etí ìwé.

"Kí nìyí?" Roy fi ojú sún mọ́ ọn. "Aràn ni?"

Noreen na ọrùn láti orí àga rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ìrù ẹlẹ́dẹ̀ ti dé! Mo ti ń wá a láti àárọ̀, mo rò pé onítọ̀hún ti kú ni."

"O mọ̀ ọ́n?" ni Ìyáàfin Sandhu bi í.

"Mi ò mọ ẹni tó ń yà á, mà, àmọ́ kò pa ọdún ìdìbò kan jẹ rí. Ìgbà mẹ́fà tẹ́lẹ̀, èyí ló di keje. Iwájú orúkọ kan náà. Ọ̀gá tó wà níbí ṣáájú yín máa ń sọ ọ́ sáàárín àwọn tó bàjẹ́ ni, torí pé kì í yí nǹkan kan padà."

"Noreen, ó tó," ni Ìyáàfin Sandhu wí.

Beryl ò gbọ́ ìyókù. Ó di etí tábìlì mú. Gbogbo abẹ́ tábìlì ilé rẹ̀ ló ń bọ̀ wá sójú rẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ àpótí tí ọmọ wọn sùn sí nígbà tó wà ní ìkókó. Ìgbà méje! Ìgbà méje ni ọkùnrin yẹn wọ ibi ìdìbò, wọ́n fún un níwèé, wọ́n ní kó fi X síwájú orúkọ ẹni tó bá fẹ́, ó sì kọ̀ láti fi àmì pàǹtí síwájú orúkọ ìyàwó rẹ̀. Omi lé ròrò sójú Beryl, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá di ẹni tó ń wúkọ́.

"Ṣé kò sí o?" ni Roy bi í, ó fún un lómi. Èèyàn dáadáa ni Roy, ohun tó ń ba ọ̀ràn jẹ́ nìyẹn.

"Kò sí. Kò sí nǹkan kan." Ó fẹ́ sọ ọ́ fún un. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un tó! Àmọ́ ìbò ìkọ̀kọ̀ ni.

Ìyáàfin Sandhu yẹ ìwé náà wò síhìn-ín, ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ́hùn-ún. Ó ní, "Àmì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, iwájú ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà. Ẹni tó ṣe é mọ ẹni tó fẹ́. Mo gbà á wọlé. Ìbò dọ́gba."

Òfin wa ni pé bí ìbò bá dọ́gba, kèké la máa ṣẹ́. Wọ́n kọ orúkọ méjèèjì sórí ìwé pélébé, wọ́n ká wọn, wọ́n jù wọ́n sínú agolo bisikíìtì tí àwọn tó ń ka ìbò ti jẹ ohun inú rẹ̀ tán. Roy ń làágùn. Beryl ni ara rẹ̀ balẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, torí pé èyí tó ń wá láti ọdún mẹ́rìnlélógún ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ìyáàfin Sandhu ki ọwọ́ bọ agolo, ó tú ìwé náà, ó sì kà á sókè: "Thackray."

Ariwo ta. Roy na ọwọ́ sí i. "O ṣe é, Beryl. Agolo bisikíìtì ló nà mí o, kì í ṣe ìwọ!"

"Bọ́ọ̀sì 19 ni wàá máa wọ̀ lọ ta dòmínò," ni Beryl dá a lóhùn.

Nígbà tó dé ìdí ọkọ̀, Clifford ń jẹ búrẹ́dì. Ó sún fúláàsì kó lè ráyè jókòó.

"Báwo ló ṣe lọ?"

"Ìbò dọ́gba. Wọ́n ṣẹ́ kèké."

"Ẹn-hẹ́n."

"Èmi ni kèké mú."

Clifford da tíì sí ṣòkòtò ara rẹ̀. "Ó dáa," ni ó wí. "Ó dáa gan-an ni."

Beryl wò ó. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rìnlélógún wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ó na ọwọ́, ó yọ pẹ́ńsù pẹlẹbẹ náà lẹ́yìn etí ọkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó sì fa ìlà kan sẹ́yìn ọwọ́ náà. Ìlà náà ká róbótó lẹ́ẹ̀kan, ó wá na ìrù lọ sí ọrùn ọwọ́.

Clifford wo àmì náà títí. Etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n.

"Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, Beryl," ni ó wí.

"Mo mọ̀. Ta ló bi ọ́ ní nǹkan?"

Ó gba pẹ́ńsù rẹ̀, ó fi sẹ́yìn etí, ó sì wa ọkọ̀ lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Beryl sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé ìdáná, ó bá Clifford tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Omi ọṣẹ ti ń pa àmì náà rẹ́. Clifford nu ọwọ́ gbẹ, ó mú pẹ́ńsù, ó sì rọra ń tún un fà.