Bẹ́ǹṣì Ẹ̀yìn

Bàbá tó yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí gìtá ló ní kí n dìde jó lónìí.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fìdítì ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìwé orin àti dùùrù nìkan la mọ̀ níbẹ̀. Mo gbé gìtá wọlé lọ́jọ́ ìkórè, mo fi dá kọ́rọ́ọ̀sì kan, àwọn ọ̀dọ́ sì pàtẹ́wọ́ sí i. Bàbá yìí, tó jẹ́ ọ̀gá akọrin nígbà náà, ní orin ayé ni. Wọ́n gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́ta.

Lónìí, gìtá mẹ́ta ló wà níwájú pẹpẹ. Ọmọọmọ Bàbá ló ń ta ọ̀kan. Bàbá fi ọ̀pá jó wá bá mi.

"Ìwọ, ṣé orin yìí ò dùn mọ́ ẹ ni? Dìde, jó fún Olúwa!"

"Ẹ kú ijó, sà."

"Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹ̀yìn níbí lo máa ń jókòó sí ṣáá?"

Mo wo ojú wọn. Wọn ò rántí rárá.

"Ó ti mọ́ mi lára ni, sà."

Mo rò pé inú á bí mi. Kò bí mi. Mò ń gbọ́ orin náà bí ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́ nílé kejì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ̀yin ì bá rán wọn létí? Oṣù mẹ́ta yẹn ti pé tipẹ́. Kò kàn sẹ́ni tó wá ní kí n dìde kó tó di òní ni.