Apá Giramafóònù Alágbàfọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà ní òun ò gbọ́. Àlọ́ tèmi kò dá lórí ẹranko, kò dá lórí ọba. Ó rọra rìn títí, ó lọ balẹ̀ sórí alágbàfọ̀ kan tó ra apá, tí apá ọ̀hún kì í sì í ṣe apá ènìyàn.

Alágbàfọ̀ yìí mọ aṣọ lọ̀. Ṣòkòtò tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ojú ìlà rẹ̀ á mú bí abẹ. Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lẹ́bàá fèrèsé. Láàárín àwọn méjèèjì, lórí pákó gíga tí ooru áyọ́ọ̀nù kò lè dé, ni giramafóònù wọn wà. Àwo orin wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan lọ̀gá: èyí tí ìyá ìyàwó yìí kọrin sí nígbà tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìyá ti kú, ẹgbẹ́ ti tú ká. Inú àwo yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ ṣẹ́ kù sí láyé.

Ohùn náà sì ń há lọ. Ó wá dà bíi pé ẹnì kan ń din nǹkan lẹ́yìn akọrin. Alágbàfọ̀ bá gba ọ̀dọ̀ ọlọ́jà ẹ̀rọ lọ.

“Apá tiyín ni ò dáa,” ni ọlọ́jà wí. Ó ń sọ̀rọ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń na ara lórí àwo, tí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé òmíràn jáde, ó ń dán yinrin. “Tẹ́ ẹ bá lo èyí, ẹ máa gbọ́ èémí ẹni tó ń kọrin.”

Nígbà tó dárúkọ iye rẹ̀, orí alágbàfọ̀ wú. Ṣùgbọ́n owó wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Owó jígí ojú ìyàwó rẹ̀ ni. Ojú obìnrin náà ti ń ṣú; oṣù mélòó kan ló fi ránṣọ kó tó kó o jọ, ó ní kí ọkọ òun bá òun mú un lọ fún oníjígí. Ọ̀tún, lọ́dọ̀ oníjígí, ló yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí. Òsì ló dúró sí, ó ra apá.

Ó délé, ó ní, “Oníjígí ní tìẹ kò tíì dé. Ó di oṣù méjì.”

“Oṣù méjì! Ṣé ìgbín ló ń rù ú bọ̀ ni?” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Èwo wá ni ti irin tuntun yìí?”

“Ẹnì kan ló fi ta mí lọ́rẹ.”

Ẹ ò rí i? Irọ́ kì í dá rìn.

Ó de apá tuntun mọ́ ẹ̀rọ, ó gbé àwo ìyá sí i. Háà! Ìyàwó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Bàbá wọn, ẹ gbọ́! Màmá mi mí! Ó mí kó tó gbé orin!” Omijé dà lójú rẹ̀. “Ẹ ṣeun, ọkọ mi.”

Ọpẹ́ yẹn gún un ju abẹ́rẹ́ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni àlàáfíà ti kúrò lára rẹ̀. Òun ló ń bá ìyàwó fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, bó bá sì ń fi í bọ̀ ọ́, kì í lè wo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan obìnrin náà rán apá ọ̀tún aṣọ mọ́ òsì. Oníbàárà wọ̀ ọ́, ó ní, “Aránṣọ, ṣé ẹ̀yìn ni kí n máa na ọwọ́ sí ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ò rí ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan ọjọ́ tí Etí-Ehoro wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Atúnrédíòṣe ni, àgbàlagbà tó lè gbọ́ bí èèrà bá wúkọ́. Ìyàwó ti jáde lọ ra bọ́tìnnì. Etí-Ehoro rí apá àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike kanjí tí alágbàfọ̀ fi ń mú aṣọ le.

“Ta ló lẹ owó kọ́bọ̀ mọ́ èyí lórí?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Abẹ́rẹ́ máa ń fò, mo fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

“Láti ìgbà wo?”

“Á tó ọdún mọ́kànlá.”

“Yéè! Àbúrò, àpò sìmẹ́ǹtì lo gbé lé abẹ́rẹ́ lórí! Òun ló ń gbẹ́ àwo rẹ!”

Ó yọ owó kọ́bọ̀, ó de apá àtijọ́ padà, ó yí irin ìdí rẹ̀ títí ó fi fúyẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ní kí alágbàfọ̀ dijú, ó lo apá méjèèjì fún un níkọ̀ọ̀kan.

“Èwo ni tuntun?”

“Èkejì.”

“Àtijọ́ nìyẹn!”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé tuntun ò wúlò ni?”

“Ó wúlò. Ó fi bíńtín dára jù ú lọ. Ẹni tí nǹkan ilé rẹ̀ pé, kó rà á. Ṣùgbọ́n ohun tó o gbọ́ yẹn, kì í ṣe owó ńlá ló ṣe é. Ìwọ̀n tó tọ́ ló ṣe é.”

Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ.

Ìyàwó wọlé, ó na bọ́tìnnì sí ìmọ́lẹ̀. “Bàbá wọn, ẹ bá mi wò ó. Ṣé dúdú ni àbí búlúù?”

“Dúdú ni.” Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. “Ìyá wọn, jígí rẹ kò sí lọ́nà. Mi ò dé ọ̀dọ̀ oníjígí rárá. Apá yìí ni mo fi owó rẹ rà.” Ó sọ ti owó kọ́bọ̀ náà mọ́ ọn. “Ọwọ́ mi yìí náà ló ń gbẹ́ ohùn màmá dànù.”

Obìnrin náà kó bọ́tìnnì sórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ti owó kọ́bọ̀, ẹ ò mọ̀,” ó wí. “Ti jígí, ẹ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi.”

Kò pariwo. Ìbá pariwo, ìbá sàn fún un.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, alágbàfọ̀ dá apá padà. Ìdajì owó rẹ̀ ni ọlọ́jà fi gbà á, ó ní wọ́n ti lò ó. Alágbàfọ̀ wá fi aṣọ ìbora ilé onílé kún ìfọ̀, àwọn tó wúwo tí kì í gbà tẹ́lẹ̀, títí èékánná rẹ̀ fi bó, kí owó tó pé.

Oníjígí gbé jígí dé. Obìnrin náà fi í sójú. Ó wo fèrèsé, ó wo òwú, ó wá wo ọkọ rẹ̀ títí.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti rí yín kẹ́yìn,” ó wí.

Alágbàfọ̀ tẹrí ba sórí áyọ́ọ̀nù. Kò mọ̀ bóyá àwàdà ni, kò sì láyà láti bi í.

Ṣé ó dárí jì í? Èmi náà ò sí níbẹ̀. Ó yá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí ìró mi. Ẹni tó ti sùn lọ yìí, ẹ gbé e. Ẹ lọ sùn, gbogbo yín.