Bàtà Tí Ìyá Mi Gbé Pamọ́

Bí òórùn rọ́bà tó ń jó bá ti fẹ́ wá láti àwọn ilé-iṣẹ́ Sàngó, bàbá mi ni mo máa ń rántí. Panápaná ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ibi iná dé, ojú rẹ̀ dúdú fún èéfín. Ìyá mi fún un ní mílíìkì inú agolo, torí wọ́n ní ó máa ń fọ èéfín kúrò nínú ara. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀, ó ń lù kì kì kì. Mo rò pé agbára ni.

"Bàbá Ṣadé, ẹ sinmi. Àyà yín ń sáré jù."

"Ṣé kí n ní kí iná dúró dè mí ni?"

Fèrè ọkọ̀ panápaná tún dún níta. Ó wá bàtà rẹ̀ kan tì. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà, kò gbé ojú sókè. Èmi ni mo sáré gbé e wá láti ẹ̀yìn ìkòkò omi.

"Ọmọ mi àtàtà," ni bàbá mi wí.

Iná kọ́ ló pa á nígbẹ̀yìn, ọkàn rẹ̀ ni, mílíìkì ò sì lè ṣe iṣẹ́ ìsinmi.

Lọ́jọ́ tí mo gbé bàtà yẹn wá, ìyá mi ò bá mi wí. Ó fà mí mọ́ra, a jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ wọn fi yà sí ọ̀nà Jojú.